Bátìrì ọ̀kadà tó ń kú ní gbogbo ìgbà: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń pa á kí ẹ tó ra òmíràn

Bí ọ̀kadà bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, ohun tí gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bátìrì ti kú nìyẹn, lọ ra tuntun." Olówó á lọ rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tuntun á tún kú. Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe, ìdí ọ̀kadà ni mo sì ti ń jẹun. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wá bá mi ni pé bátìrì kì í sábà pa ara rẹ̀. Nǹkan kan ló ń pa á, bí a kò bá sì wá nǹkan náà rí, owó bátìrì kẹta ti ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kadà mi gba bátìrì méjì lọ́wọ́ mi láàárín oṣù márùn-ún. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ ra ẹ̀kẹta ni ọ̀gá mi ní kí n tú ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, kí n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́kítífáyà (ẹ̀rọ kékeré tó ń tún iná ṣe kó tó wọ bátìrì) yọ kí òun rí i. Mo fà á yọ. Ike tó yẹ kó funfun ti pọ́n rúsúrúsú bí ìdí àkàrà tó fẹ́ jóná. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ irin inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, wáyà tó wọ ibẹ̀ sì já bí mo ṣe fi ìka kàn án. Ojú ibẹ̀ ni iná tó yẹ kó máa lọ sínú bátìrì ti ń ṣòfò. Sáńpépà àti ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe, owó bátìrì méjì sì ti lọ.

Mítà kékeré tí àwa rẹ́wáyà fi ń dán iná wò ni ẹ nílò jù nínú iṣẹ́ yìí. Owó rẹ̀ kò tó ti bátìrì kan. Ẹ wá sípánà tó bá ẹnu bátìrì yín mu, sáńpépà, tépù dúdú àti Vaseline díẹ̀ mọ́ ọn.

Bí iná ṣe ń rìn nínú ọ̀kadà

Nínú ẹ́ńjìnnì, mágínẹ́ẹ̀tì ń yí lórí kóìlì (wáyà tí wọ́n wé jọ), ìyẹn ló ń mú iná jáde. Iná ọ̀hún ń lọ, ó ń bọ̀, bátìrì kò sì lè mu irú rẹ̀. Rẹ́kítífáyà ló ń sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, òun náà ló sì ń dì í mú kó má pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló ń lọ sínú bátìrì. Kóìlì ń pèsè, rẹ́kítífáyà ń tún un ṣe, bátìrì ń tọ́jú rẹ̀. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kò sí ìbàjẹ́ tí a ó wá lónìí tí kò sí ní ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí, àyàfi bí nǹkan mìíràn bá ń jí iná mu. A ó dé ibẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú lásán. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ara kóìlì gan-an ni iná iwájú ti ń mu, kì í ṣe ara bátìrì. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ṣú nígbà tí ẹ dúró, tó sì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ fún un ní tọ́rọ́tù, bátìrì kò ṣẹ̀ yín. Bó ṣe rí nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ásíìdì wà nínú bátìrì, ó ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba ṣájì lè gbaná, nítorí náà kí sìgá àti ìṣáná jìnnà síbẹ̀. Bí òrùka wà lọ́wọ́ yín, ẹ bọ́ ọ.

Ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni pósítíìfù. Bí ẹ bá ń dá a padà, pósítíìfù ni àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé nẹ́gẹ́tíìfù ló so mọ́ irin ọ̀kadà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú pósítíìfù, tí sípánà wá fara kan irin, iná ńlá á ṣẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí sípánà tó lẹ̀ mọ́ irin báyìí, tó sì pọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ojú wò ó, ẹ fi ọwọ́ mì í

Ẹ má tíì yọ mítà. Ẹ di ẹnu bátìrì mú kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ lásán yí i. Bó bá yí, kò dè dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo wàhálà yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ búlúù bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi omi gbígbóná tí ẹ po baking soda tàbí kán-ún sí fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan ta sínú ihò bátìrì, torí ohun tó ń pa ásíìdì ẹ̀gbin òde yóò pa ti inú náà. Ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é, kí ẹ wá fi Vaseline pa á lójú.

Ẹ tọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́yìn dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù kàn án mọ́ irin ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà kì í dé ibẹ̀. Ọ̀dà àti ìpẹtà máa ń wà láàárín wáyà àti irin níbẹ̀, iná kì í sì í gba inú ọ̀dà kọjá. Ẹ ha á kó mọ́.

Fíúsì ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wò ó dáadáa, pàápàá ẹnu méjèèjì. Bó bá ti já, iye tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà. Mo bẹ yín, ẹ má fi bébà inú páálí sìgá tàbí wáyà lásán dì í. Fíúsì ló yẹ kó kọ́kọ́ já nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti fi wáyà rọ́pò rẹ̀, gbogbo wáyà abẹ́ táǹkì ni yóò jó, epo sì wà lórí rẹ̀ gan-an.

Ẹ tún wo rọ́bà tó di bátìrì mú. Bátìrì tó ń fò sókè sódò nínú ilé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀nà wa yìí kì í pẹ́. Páànù inú rẹ̀ á máa ṣẹ́, èérún wọn á sì kó jọ sí ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn bátìrì nígbà tó sinmi

Ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́, mítà á tàn yín jẹ. Àárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì rárá, ló dára jù. Ẹ yí mítà sí fóòtì bátìrì (DC), sí ojú 20, kí ẹ fi wáyà pupa kan pósítíìfù, dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù.

Bátìrì tó kún máa ń wà láàárín fóòtì 12.6 sí 12.8. Bó bá wà ní 12.4, ó ti mu díẹ̀ kúrò, kò tíì burú. 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Tó bá ti di 12.0 tàbí kéré sí i, ebi ń pa á gan-an, bó bá sì wà báyìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nǹkan funfun kan máa ń le mọ́ páànù inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó lè gba ṣájì mọ́. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí wọ́n pa tì fún oṣù méjì fi ń kú láìṣẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: 10.5. Ilé kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú bátìrì fóòtì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtì 2 wá. Bí bátìrì bá dúró sí 10.5 tàbí súnmọ́ ọn lẹ́yìn tí ẹ ti ṣájì í mọ́jú, ilé kan ti kú nínú rẹ̀. Èyí ni bátìrì tó kú lóòótọ́, kò sí ṣájà tó lè jí i. Ẹ lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù kí ẹ tó gbé e sínú ọ̀kadà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ di ẹrù lé e lórí

Bátìrì lè fi 12.6 hàn lójú mítà síbẹ̀ kó má ní agbára kankan, bí ẹni tó sanra ṣùgbọ́n tí kò lè gbé korobá omi. Ẹ fi mítà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tẹ bọ́tìnì sítátà. Bí fóòtì bá lọ sílẹ̀ tó sì dúró ní nǹkan bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó dára. Bó bá já sí 8 tàbí 7, tí ẹ sì ti ṣájì í kó kún ṣáájú, kò lè gbérù mọ́.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí fóòtì kò mì rárá, tó ṣì ń kọ 12.6, ẹ má dá bátìrì lẹ́bi. Iná kò tiẹ̀ tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ lọ wo bọ́tìnì fúnra rẹ̀, réèlè sítátà (súwíìṣì tó ń gbé iná bátìrì lọ sí sítátà), àti súwíìṣì kéékèèké ìdí kilọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kadà tó jẹ́ kíìkì nìkan ńkọ́? Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tan tráfíkétọ̀, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ tún fọn fèrè pa pọ̀. Bátìrì gidi á kàn rẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá ti 12.6 já sí 11 lẹ́ẹ̀kan náà, tí fèrè rẹ̀ ń ké bí àgbébọ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun há, agbára ti tán nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé ọ̀kadà ń ṣájì?

Ẹ sítáàtì ọ̀kadà, mítà ṣì wà lẹ́nu bátìrì. Kí ẹ rọra fún un ní tọ́rọ́tù dé àárín. Fóòtì gbọ́dọ̀ gòkè kúrò ní 12 kó sì wà láàárín 13.5 sí 14.8. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣájì ń wọlé, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó tẹ̀ síwájú. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sítáàtì ọ̀kadà, wọ́n á wá tú ẹnu bátìrì kan kúrò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, pé bí kò bá kú, ó ń ṣájì. Ẹ má gbà fún wọn. Bátìrì ló ń gba iná tó bá ru sókè lójijì mọ́ra. Ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́, iná á sáré lọ bá gílóòbù, rẹ́kítífáyà àti CDI (àpótí kékeré tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì ta iná), ó sì lè jó wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò tiẹ̀ nílò bátìrì kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ìdánwò yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín.

Bí fóòtì kò bá gòkè, tó dúró sí 12.4 tàbí tó tilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń fún un ní tọ́rọ́tù, ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá kóìlì tàbí rẹ́kítífáyà lẹ́bi. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́kítífáyà yọ. Ẹ wò ó bóyá ó ti pọ́n, bóyá ó ti yọ́, bóyá ìpẹtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀: èyí tó bá ń nà bí rọ́bà ti já nínú awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ sítáàtì, kí ẹ fi ẹnu mítà kan kan wáyà tó ń gbé iná jáde nínú rẹ́kítífáyà, kí ẹ fi ìkejì kan pósítíìfù bátìrì. Mítà kò gbọdọ̀ ju 0.3 lọ. Bó bá kọ fóòtì 1 tàbí 2, àárín ibẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò. Bákan náà ni kí ẹ ṣe láàárín wáyà bọ́dì rẹ́kítífáyà àti nẹ́gẹ́tíìfù.

Bí ọ̀nà bá mọ́, ó kan kóìlì. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá yọ. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ńlá, wáyà mẹ́ta tó jẹ́ yẹ́lò ni ẹ ó rí. Ẹ yí mítà sí iná ilé (AC), ẹ sítáàtì, kí ẹ wọn wọn ní méjìméjì: kìíní àti ìkejì, ìkejì àti ìkẹta, kìíní àti ìkẹta. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n sì jọ máa gòkè bí ẹ bá fún un ní tọ́rọ́tù. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, kóìlì ti jó lápá kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí mítà sí ibi tó ń dún, kí ẹ kan yẹ́lò kan àti irin ẹ́ńjìnnì. Kò gbọdọ̀ dún. Bó bá dún, kóìlì ti fara kan bọ́dì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Kóìlì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré yàtọ̀: ẹnu rẹ̀ kan so mọ́ bọ́dì láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, ẹnu kejì ló jáde. Èyí á dún, kò sì túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Mo ti rí kóìlì tó dára pátápátá tí wọ́n tú dànù nítorí èyí. Irú rẹ̀, ẹ kàn wọn iná rẹ̀ sí bọ́dì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ń gòkè bí tọ́rọ́tù ṣe ń gòkè.

Kóìlì dára, wáyà dára, ṣájì kò wọlé: rẹ́kítífáyà ni. Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ tó ra òmíràn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ni kí ẹ dè é sí, lórí irin tó mọ́, torí ooru ló ń pa á jù.

Ṣájì tó pọ̀ jù náà ń pa bátìrì, àwọn èèyàn kì í sì í tètè fura sí i. Bí mítà bá kọjá 15 nígbà tí ẹ fún ọ̀kadà ní tọ́rọ́tù, ẹ pa á. Àmì rẹ̀ lójú ọ̀nà ni pé gílóòbù á máa jó lemọ́lemọ́, omi bátìrì á máa gbẹ, ara rẹ̀ á gbóná tàbí kó wú, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ wáyà bọ́dì rẹ́kítífáyà mọ́, torí bí kò bá rí bọ́dì dáadáa kò lè mọ iye tó wà lẹ́nu bátìrì. Bí fóòtì kò bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ rẹ́kítífáyà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló ń jí iná mu lóru?

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ọ̀kadà rẹ̀ ń kú ní gbogbo àárọ̀ Monday. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá wọ́n ti ṣe é fún mi ni." Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe ní Sunday. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, òun kì í gun ọ̀kadà. Mo tú ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù, mo fi mítà sí àárín ẹnu bátìrì àti wáyà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní títì. Mítà kọ 0.12 ámpù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: láti alẹ́ Saturday sí àárọ̀ Monday jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 34. Ìlọ́po 0.12 ní 34 jẹ́ nǹkan bíi 4. Bátìrì rẹ̀, 5Ah ni, ìyẹn ni pé ó lè fúnni ní ámpù 0.5 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá kó tó tán. Kí ló kù? Ibi tó ti ń ṣájì fóònù àti ẹ̀rọ orin tó so mọ́ ẹnu bátìrì tààrà, láìgba abẹ́ kọ́kọ́rọ́, ni wọ́n ń mu ún. Láti ọjọ́ tí a ti gbé wáyà méjèèjì sí abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni Monday rẹ̀ ti dára.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é náà nìyẹn. Ẹ ki wáyà pupa mítà sí ihò 10A, kí ẹ yí i sí ámpù. Ẹ má ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tẹ sítátà nígbà tí mítà bá wà ní àárín, fíúsì inú rẹ̀ lè já. Ọ̀kadà tí kò ní àláàmù tàbí tracker (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọ̀kadà wà) yẹ kó kọ òdo tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Bó bá kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa yọ àwọn nǹkan tí ẹ fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀. Èyí tó mú un wálẹ̀ ni olè.

Omi, ṣájà àti bátìrì tuntun

Bátìrì tó ní ìdérí lórí, omi bátìrì lásán, tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, ni kí ẹ máa fi kún un, láàárín ìlà UPPER àti LOWER. Kì í ṣe pure water, kì í ṣe omi kànga. Kì í sì í ṣe ásíìdì: omi nìkan ló ń gbẹ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún da ásíìdì sí i ń jẹ páànù inú rẹ̀ run.

Ẹ má gbé bátìrì ọ̀kadà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣájà ńlá ṣájì ti mọ́tò àti tírélà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá nọ́ńbà ara rẹ̀ ló tó o: 5Ah, ámpù 0.5, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí ẹ bá wá ra tuntun tó gbẹ, tí wọ́n ní kí ẹ da ásíìdì sí fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ yọ rọ́bà kékeré tó di ẹnu ihò atẹ́gùn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè wú kó sì bẹ́. Ẹ dà á dé ìlà, kí ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i torí ásíìdì máa ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì ṣájì í kó tó wọ ọ̀kadà. Àwọn tó ń tà á máa ń kánjú ibí yìí, wọ́n á ní ọ̀kadà fúnra rẹ̀ á ṣájì í. Ẹ ní kí wọ́n dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é, ẹ tún sítáàtì, ẹ fi mítà sí i, kí ẹ rí 13.5 sí 14.8 pẹ̀lú ojú yín kí ẹ tó san owó iṣẹ́, kí ẹ sì fi bírò kọ ọjọ́ náà sí ara bátìrì.